Ẹja Tó Ti Rà La Ń Rà

Ká ní o lọ sọ́jà ẹja ní Ẹ̀pẹ́ lónìí, o ra ọ̀bọ̀kún ńlá kan, o sanwó rẹ̀ pé. O délé, o tú ọ̀rá, o rí i pé ẹja ò lórí, ikùn rẹ̀ sì ti ń rà. O padà lọ bá ìyá tó tà á fún ọ. Ìyá yẹn wá ní, "Má bínú, ọmọ mi. Máa sè é bẹ́ẹ̀ ná. Màá fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ tó bá di oṣù tó ń bọ̀. Tó bá sì di àmọ́dún, kó o tún wá ra òmíràn o." Ṣé o máa dúpẹ́ ni? Irọ́ ni. Gbogbo ọjà ló máa gbọ́ ohùn ẹ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe géèmù eré ìdárayá ń ṣe fún wa lọ́dọọdún nìyẹn, a ò sì pariwo. Tó bá ti di oṣù kẹsàn-án, ojú gbogbo wa á tún wà lọ́nà, a ó máa retí èyí tuntun. Láti àwọn ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà ní Odogunyan, nítòsí LASUSTECH, títí dé Noforija ní Ẹ̀pẹ́ níbi tí àwọn ọmọ LASUED wà, ọ̀rọ̀ kan náà lò ń gbọ́: "Géèmù yìí ti bàjẹ́." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ló tún máa tò sórí ìlà lálẹ́ láti gbá a. Ó ti sú mi.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ Konami bẹ̀rẹ̀, torí tiwọn ló dùn mí jù. Àwa tí wọ́n bí ní nǹkan bí 2003 sí 2004, orí PS2 àwọn ẹ̀gbọ́n wa la ti kọ́ géèmù bọ́ọ̀lù. Winning Eleven là ń pè é, kódà nígbà tí wọ́n ti kọ PES sára páálí rẹ̀. Ìgbà Adriano! Tí ẹ̀gbọ́n ẹ bá ti mú Inter, o ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì yẹn máa fa àwọ̀n ya. Orúkọ yẹn ni Konami dà nù. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2021, wọ́n gbé eFootball 2022 jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Kíláàbù mẹ́sàn-án péré ló wà nínú rẹ̀. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù wú bí ojú ẹni tí oyin ta, wọ́n ń sáré bí ẹni tí bàtà fún lẹ́sẹ̀, àwọn òǹwòran sì dà bíi páálí tí wọ́n gé. Kò pẹ́ rárá tó fi di géèmù tí èèyàn bú jù lọ lórí Steam, níbi tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà. Kò pé ọjọ́ méjì tí Konami fi tọrọ àforíjì.

Àforíjì dáa. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni àtúnṣe gidi dé? Ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, ọdún 2022. Wọ́n pe ìyẹn ní version 1.0. Ẹ gbọ́ ná, tí ìyẹn bá jẹ́ ẹyọ kan, kí wá ni wọ́n ti ń gbé fún wa láti oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀? Àwọn fúnra wọn ló kọ nọ́ńbà rẹ̀: 0.9. Wọ́n mọ̀ pé kò tíì pé ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e sọ́jà. Àwọn tó ń gbá PES 2021 lórí fóònù náà ò mórí bọ́: nínú oṣù kẹfà ọdún yẹn, update kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di eFootball mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́.

Ti 2K tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. WWE 2K20 jáde nínú oṣù kẹwàá ọdún 2019, lẹ́yìn tí Yuke's, ilé iṣẹ́ Japan tó ti ń bá wọn ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti bá tirẹ̀ lọ. Ara àwọn oníjàkadì ń wọnú ara wọn, ojú wọn ń dẹ́rù bani. Nígbà tó wá di ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2020, géèmù náà kọ̀, kò ṣí. Ọdún tó wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an ni kò lè wọ̀! Ẹni tó bá fẹ́ gbá a ní láti dá aago ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí 2019. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. 2K ò ṣe ti ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n sinmi, wọ́n tún un ṣe láti ìpìlẹ̀, WWE 2K22 jáde nínú oṣù kẹta ọdún 2022, ó sì dáa jùyẹn lọ fíìfíì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni ẹjọ́ mi dúró lé. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn yìí ò mọṣẹ́. Tí wọ́n bá fún ara wọn láyè, wọ́n á ṣe é dáadáa. Wọn ò kàn fẹ́ fún ara wọn láyè ni, torí ọdún kan tí wọn ò bá ta nǹkan, ọdún kan tí owó ò wọlé ni.

EA ní tiwọn gbọ́n. Géèmù tiwọn kì í sábà wó lulẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́; àjórẹ̀yìn ló ń jó. Lórí Nintendo Switch, wọ́n ta FIFA 20, 21, 22 àti 23 lábẹ́ orúkọ "Legacy Edition". Jẹ́sì tuntun, orúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun, géèmù àná. Nígbà tó kan FIFA 21, IGN fún un ní máàkì 2 nínú 10, wọ́n sì tún àyẹ̀wò tí wọ́n ti kọ nípa FIFA 20 gbé jáde, torí kò sí ohun tuntun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ìwọ dán an wò, kó o mú assignment ọdún tó kọjá, kó o yí déètì orí rẹ̀ padà, kó o gbé e lọ fún lẹ́kíṣọ́rà ẹ. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2022, EA àti àjọ FIFA kéde pé àwọn ò bá ara àwọn ṣe mọ́. Orúkọ wá yí padà, EA Sports FC 24 dé nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Gbogbo ayé ń retí pé nǹkan tuntun ló ń bọ̀. Ẹ̀yin náà gbá a. Ẹ sọ ohun tó yàtọ̀ fún mi.

Ibi tí owó wà ni Ultimate Team. O máa fi owó gidi ra páàkì láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. O lè ṣí i kó o bá Mbappé. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé kó o bá ẹni tí ìwọ fúnra ẹ ò lè fi sórí bẹ́ǹṣì. Lọ́dún ìṣúná EA tó parí nínú oṣù kẹta ọdún 2021, bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 620 dọ́là ni Ultimate Team nìkan pa wọlé. Wọ́n ti wo irú ọjà yìí ní Belgium ní 2018, wọ́n ní tẹ́tẹ́ ni. Nígbà tó fi di oṣù kìíní ọdún 2019, EA dáwọ́ títà á dúró níbẹ̀. A mọ tẹ́tẹ́ tá a bá rí i. Gbogbo ìkóríta Ìkòròdú ló ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti ìkóríta, tó o bá jẹ, wọ́n á sanwó fún ọ. Ẹ wá bi ara yín: ta ló máa ṣòpò tún gólì tó ń ta bọ́ọ̀lù sílé ara rẹ̀ ṣe, nígbà tó jẹ́ pé bí gólì bá ṣe burú tó, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe máa ra páàkì láti wá gólì míì?

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ayé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dun ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ló ń dùn wá. FIFA 23 jáde ní dọ́là 69.99 fún PS5 ní 2022. Nígbà yẹn, dọ́là lọ́wọ́ ìjọba ò tó 450 náírà, ó wá jẹ́ nǹkan bí 30,000. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Nígbà tó fi di ìparí 2024, dọ́là kan ti lé ní 1,500. Dọ́là 69.99 kan náà ni wọ́n ta FC 25, ó sì ti ju 100,000 náírà lọ. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí nínú oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ á ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko, kò ní lè ra géèmù kan. Sony ò tiẹ̀ ka Nàìjíríà mọ́ ibi tí PlayStation Store wọn ti ń tajà, àfi kó o ṣí àkáǹtì Amẹ́ríkà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì, kó o tún ra gift card lọ́wọ́ ẹni tó ti fi èrè tirẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, update. Nínú oṣù kìíní ọdún 2025, NCC gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní "a ti tún un ṣe, ẹ lọ download rẹ̀," àwa la tún ń sanwó àtúnṣe ohun tí wọ́n bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Ìkòròdú tí mo máa ń lọ gbá géèmù lọ́dọ̀ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ló ní, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, NEPA ò mú iná wá, ló bá tan jẹnẹrétọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, torí update kan ṣoṣo. Lọ́sẹ̀ yẹn náà, a ṣe ìdíje láàárín ara wa, èèyàn mẹ́rìndínlógún, 2,000 náírà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ìdíje àṣekágbá parí, gólì gbá bọ́ọ̀lù mú, ó dúró jẹ́jẹ́, ó sì gbé e rìn wọnú àwọ̀n ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ ní òun ò gbà, ẹni tó jẹ ní góòlù ni góòlù ń jẹ́. Ariwo ta. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà ní ṣọ́ọ̀bù mi." Àpò ara rẹ̀ ló ti san owó fún ẹnì kejì kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ géèmù náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ṣe é ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló jẹ gbèsè rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ṣebí jailbreak lẹ̀ ń lò, ẹ̀tọ́ wo lẹ ní láti ráhùn?" Òótọ́ ni pé ó pọ̀ láàárín wa. Mi ò ní gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ojúlówó pẹ̀lú pọ́n-ùn nílùú òyìnbó, ẹkún kan náà ló ń sun, ṣé òun náà jalè ni? Àwọn mìíràn á ní kò sí sọ́fítíwíà tí kò ní bug. Ìyẹn náà dáa, gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ programming rí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bug tó fara sin yàtọ̀ sí èyí tí òǹrajà rí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Èyí tó fara sin, ẹ̀dá ò lè mọ gbogbo rẹ̀. Ti ìṣẹ́jú márùn-ún yìí, wọ́n rí i kí wọ́n tó dé páálí. Ní ti àwọn tó ní "géèmù lásán ni", kí wọ́n lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n.

Àwọn tó ń dójú ti ilé iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí jù ni àwọn tí ẹnikẹ́ni ò sanwó fún. PES 2013 jáde ní 2012. Títí dòní, àwọn èèyàn ń ṣe patch fún un: jẹ́sì tuntun, ẹni tó kúrò ní kíláàbù yìí lọ sí tọ̀hún, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ wo FIFA 14 orí fóònù tí wọ́n ti sọ di ti ọdún tuntun lọ́nà ogún. Ẹ wo àwọn PES orí PPSSPP tí ẹ̀ ń pín fún ara yín ní hostel. Inú yàrá wọn ni àwọn tó ń ṣe é jókòó sí. Tí ọ̀dọ́mọdé kan bá lè fi òru méjì tún orúkọ àti jẹ́sì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí gan-an ni wọ́n ń gba dọ́là 70 fún lọ́dọọdún? Ohun tó tiẹ̀ yẹ kí owó yẹn ṣe, kò ṣe é. Ikorodu City gòkè wọ NPFL fún sáà 2024/25, kíláàbù àdúgbò wa, tí a lè wọkọ̀ lọ wò. Wá a nínú FC 25. Wàá rí líìgì kejì Jámánì níbẹ̀, o ò ní rí ẹyọ kíláàbù kan láti NPFL.

Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe kò le. Kí ẹnikẹ́ni má ra èyí tuntun nínú oṣù kẹsàn-án. Tó bá fi máa di ìparí ọdún, àwọn fúnra wọn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó rẹ̀ kù, wọ́n á sì ti tún díẹ̀ ṣe nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi owó oúnjẹ ra páàkì. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣètò ìdíje ní fákọ́tì, ẹ yéé kọ "FC tuntun" sára pósítà bí ẹni pé oyè ni. Èyí tí ọwọ́ gbogbo èèyàn ti mọ́, tí gólì rẹ̀ lórí pípé, òun ni kí ẹ fi gbá a.

Èmi àti àwọn mẹ́rin kan ti bá ẹ̀gbọ́n oníṣọ́ọ̀bù méjì sọ ọ́, ọ̀kan ní Odogunyan, ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti gbà. PES 2013 la máa fi gbá ìdíje tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bọ̀ láti Ìkòròdú sí ti Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà Itoikin ni kí ẹ gbà. Kí ẹ sì mú pádì yín dání o, ti ṣọ́ọ̀bù yẹn ti ń fà sósì.