NÍGBÀ TÍ BÀBÁ ỌMỌ BÁ FẸ́ DI PANÁPANÁ

Ọ̀rọ̀ tí ó délé wa ni a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí, nítorí a gbà pé ó lè délé ẹlòmíràn lọ́la.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, bí a ti ń jẹun lọ́wọ́ ní Àkúrẹ́, arábìnrin kan wọlé láti ìlú Oǹdó. Ó pọn ọmọ kan, ó fa èkejì lọ́wọ́. Kò tíì jókòó tán tí ó fi bú sẹ́kún. Ó ní, "Dádì, Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá bàbá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun yóò fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀, òun yóò lọ di panápaná. Èmi kò fẹ́ di opó o."

A mọ ọkọ rẹ̀ dáadáa. Òṣìṣẹ́ kára ni, kì í sì ṣe ẹni tí ń sáré kiri láti iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ní ìgbà ọyẹ́, iná ṣẹ́ yọ ní ilé kan ní àdúgbò wọn. Òun àti àwọn aládùúgbò fi iyẹ̀pẹ̀ àti omi inú báàkẹ́ẹ̀tì jà á. Òun ni ó wọ inú èéfín lọ tí ó gbé ọmọ ọlọ́mọ jáde. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti sí lára pákó mọ́.

Ó tún ń kánjú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Nínú ìgbanisíṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2025, ẹni tí ó wà láàárín ọdún 18 sí 30 ni wọ́n ní kí ó wá fún ọ̀pọ̀ jù lọ ipò, kí ọkùnrin ga tó mítà 1.65, kí obìnrin sì ga tó mítà 1.60. Ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà kò ní pẹ́ tì mọ́ òun.

Ohun tí arábìnrin wa fẹ́ kí a sọ ni pé iṣẹ́ náà kò dára. A kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí iná bá jó ilé wa lálẹ́ yìí, ta ni a ó pè? Àwa tí a wà ní Àkúrẹ́ kò gbàgbé alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù September, ọdún 2020, nígbà tí iná jó ní ọ́fíìsì àjọ elétò ìdìbò INEC, tí ìbò gómìnà sì ku oṣù kan péré. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ káàdì wò tí ó lé ní 5,000 jóná. Síbẹ̀, ìbò wáyé ní ọjọ́ 10 oṣù October bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ka iye ẹ̀rọ tí ó jóná. Ta ni ó béèrè orúkọ àwọn tí ó dojú kọ iná náà? Ọmọ ẹnì kan ni wọ́n, bàbá ẹnì kan sì ni wọ́n.

Nítorí náà, ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, a wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. A rí ibi tí àṣìṣe wà kí a tó mu omi tán. Arákùnrin wa ti pinnu tán kí ó tó sọ fún ìyàwó rẹ̀! A sọ fún un láìfi bọ̀ pé, "O gba ọmọ ọlọ́mọ là, ó dára. Ṣùgbọ́n ìyá àwọn ọmọ tìrẹ ń sọkún, ìwọ kò sì gbọ́." Ó dorí kodò. A rán an létí àkàwé Olúwa wa nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Nínú ilé tí ọmọ wà, ẹnì kan kì í dá jókòó ṣe ìṣírò náà. Àwọn méjèèjì jókòó, a sì gbé ìbéèrè mẹ́rin kalẹ̀ fún wọn.

Èkíní: Ṣé o mọ iṣẹ́ náà? Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ọmọ jáde nínú iná. Dídúró de ìpè wà níbẹ̀, àti yíyẹ ọkọ̀ àti okùn omi wò, àti yíyọ ẹni tí ó há sínú ọkọ̀ tí ó ní jàǹbá tàbí ẹni tí ó já sí kànga. Ṣíìfù òru wà níbẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni iná pọ̀ jù, ìgbà náà sì ni ọdún Kérésìmesì bọ́ sí. Nígbà mìíràn, àwọn tí wọ́n wá ràn lọ́wọ́ náà ni yóò máa sọ wọ́n lókùúta pé wọ́n pẹ́ dé.

Èkejì: Ara ńkọ́? Iná nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ IARC, tí ó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi iṣẹ́ panápaná sára àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa àrùn náà. Ní Amẹ́ríkà, àìsàn ọkàn wà lára ohun tí ó ń pa panápaná jù lọ lẹ́nu iṣẹ́. Aṣọ tí ó ti gba èéfín sára kò yẹ kí ó wọlé bá ọmọ.

Ẹ̀kẹta: Owó àti ibùgbé ńkọ́? Iṣẹ́ ìjọba ní owó oṣù, ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tí ó bá pé ọgọ́ta ọdún tàbí tí ó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Káfíńtà kò ní èyí. Ṣùgbọ́n ti ìjọba àpapọ̀ lè gbé ọ lọ sí Sókótó. Bí ó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, tí wọ́n sì fi ọ́ sí Àkúrẹ́, ṣé wàá máa wọkọ̀ láti Oǹdó ni, àbí gbogbo ilé ni yóò kó? Má ta irin-iṣẹ́ rẹ kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ rẹ. Ọ̀fẹ́ sì ni fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí o mú owó wá kí òun tó bá ọ wọlé, olè ni.

Ẹ̀kẹrin: Àwọn ọmọ ńkọ́? Kí a tó sọ ọ̀rọ̀ lórí èyí, àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí a rò pé ó ń ṣeré, béèrè pé, "Dádì, bí iná bá jó ilé wa, ṣé ilé ẹlòmíràn lẹ ó kọ́kọ́ lọ?"

Ilé pa rọ́rọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó dáhùn. Ó ní, "Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, bàbá ọmọ mìíràn ni yóò wá sí ilé wa, bí èmi náà yóò ṣe lọ sí tirẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n lónìí ni ó tó bi mí léèrè."

Àdéhùn tí wọ́n ṣe nìyí: yóò kọ orúkọ sílẹ̀ bí ìjọba bá tún ṣí ìgbanisíṣẹ́. Bí wọ́n bá gbà á, aṣọ eléèéfín kò ní wọ yàrá, yóò sì máa lọ yẹ ara rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Bí ọgbọ̀n ọdún bá pé tí kò bọ́ sí i, yóò gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, kò ní di ẹni tí ń kanra mọ́ ilé. Títí a fi ń kọ èyí, wọn kò tíì pè é. Àlàáfíà wà nínú ilé náà.

Ẹ̀yin ìyá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan. Obìnrin, Margaret Adeseye, ti jẹ olórí ilé-iṣẹ́ panápaná ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìbéèrè mẹ́rin yìí kan ẹ̀yin náà.

Ní ti àwa yòókù, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ má tọ́jú epo bẹntiróò sínú ilé. Bí òróró bá gbaná nínú ìkòkò, ẹ má da omi sí i. Ẹ fi ìdérí bò ó, kí ẹ sì pa sítóòfù bí ọwọ́ bá lè dé e. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní nọ́ḿbà 112. Bí ẹ bá sì gbọ́ ariwo ọkọ̀ panápaná lẹ́yìn yín, ẹ yà fún un, nítorí bàbá àwọn ọmọ kan ló wà nínú rẹ̀.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Olúwa máa ṣọ́ ilé gbogbo wa.