Ẹ Béèrè Orúkọ Rẹ̀!

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lójú ọ̀nà Igbó-Ọrà sí Èrúwà, ó ń di igi ẹ̀gẹ́ sínú ọkọ̀. Mo bi í pé irú èwo ni. Ó ní: “Bàbá, ṣebí ẹ̀gẹ́ ni gbogbo wọn?” Inú bí mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi bọ̀ lójú ìwé yìí mọ ohun tí mo máa ń wí: ẹ béèrè orúkọ rẹ̀!

Ọ̀nà mẹ́ta ni n ó gbé e gbà: kòkòrò, irú ẹ̀gẹ́, àti ìjọba.

Kòkòrò tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ tí mo ń wí kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ìbátan eégbọn ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní Ùgáńdà. Kò pé ọdún mẹ́wàá tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Abẹ́ ewé tuntun ló ti ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹyin rẹ̀ fi ń di àgbà.

Ní ọyẹ́ 1983, ewé ẹ̀gẹ́ màmá mi pọ́n, ó rẹ̀, igi ṣẹ́kù bí ọ̀pá àbẹ́là. Ọyẹ́ la dá lẹ́bi. Ẹ̀gẹ́ aládùúgbò wa tí a jọ pààlà ńkọ́? Ó tutù yọ̀yọ̀. Ṣé ọyẹ́ ń yan oko ni? Mo fọwọ́ kan ọ̀mùnú tirẹ̀, irun wà lára rẹ̀. Tiwa dán bọ̀rọ́.

Irun yẹn ni mo ń wí! Àwọn olùwádìí iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn mú irú ẹ̀gẹ́ tí ọ̀mùnú rẹ̀ nírun jáde. Lára irú èyí, kòkòrò kì í rí ibi kẹ́nu bọ ewé dáadáa. Ọmọ rẹ̀ ń pẹ́ dàgbà, ẹyin rẹ̀ ń dín. Lára èyí tó dán, ó ń bí bí ẹni pé wọ́n rán an. Kòkòrò apẹran tí wọ́n mú wá láti Brazil kó lè máa pa á jẹ, tí wọ́n tú sóko ní Benin ní 1993, inú ọ̀mùnú ló ń fara pamọ́ sí lọ́sàn-án, òru ló ń jáde ṣọdẹ. Ọ̀mùnú onírun náà ló sì wù ú jù.

Mo ní n ó sọ ti ìjọba. Ẹ jẹ́ kó dúró ná, ọmọkùnrin yẹn ni mo ṣì ń bá jà. Ẹni tó ra igi yẹn yóò ti ro oko, yóò ti sanwó lébìrà, yóò máa fọkàn sí láfún tí yóò sá, kí oṣù kìíní ọdún tó fi orúkọ ohun tó gbìn hàn án.

Mo tún bi í: kí lorúkọ rẹ̀? Ó ní òun yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gé e. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ibẹ̀ náà ni n ó dúró sí.