Ta Ló Sọ Pé "Ulé" Jẹ́ Àṣìpè? Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Àṣẹ Àkópọ̀ Tiwa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí jọ ọ̀rọ̀ àwọn ará kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni, ó sì kan gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí Yorùbá.

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́fà ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè fún iṣẹ́ àṣekágbá wa. A bi àwọn abẹ́nà ìmọ̀ 36 léèrè bí wọ́n ṣe ń pe àwọn nǹkan inú ilé àti ti oko. Àwọn 24 jẹ́ ará Ìbàdàn, àwọn 6 jẹ́ ará Adó-Èkìtì, àwọn 6 tó kù sì jẹ́ ará Iléṣà. Kì í ṣe pé Ìbàdàn ṣe pàtàkì ju àwọn ìlú yòókù lọ. Owó ọkọ̀ ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

A kó gbogbo èsì sínú dátábéèsì PostgreSQL, a sì ní kó bá wa mú ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ fún ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ kan ti wà níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, mode ni wọ́n ń pè é. Kíá ni èsì jáde: ilé, igi, iná. Ulé kò sí níbẹ̀. Ugi àti uná náà kò sí níbẹ̀. Gbogbo ohun tí àwọn àgbà Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jókòó sọ fún wa ti pòórá. Ọ̀kan nínú wa ti ń kọ ọ́ sí orí kẹrin iṣẹ́ náà pé "ulé" jẹ́ àṣìpè àwọn ènìyàn díẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnì kan láàárín wa tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Adó. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ìyá mi ò wá mọ bí wọ́n ṣe ń pe ilé tí wọ́n bí i sí ni?"

Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti ń fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń fi i bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní. Àmọ́ nítorí pé u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ojú wa ti mọ́ ọn lára láti rí i bí àṣìṣe. Kọ̀ǹpútà wá bá wa fi òǹtẹ̀ lù ú.

Èyí ni èrò wa: ìdájọ́ ni àkópọ̀. Nígbàkígbà tí a bá ní kí kọ̀ǹpútà sọ ọ̀pọ̀ ohùn di ẹyọ kan, a ń yan ẹni tí a ó gbọ́ ohùn rẹ̀ àti ẹni tí a ó gbé ohùn rẹ̀ jù sẹ́yìn. Kò yẹ kí a fi irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àṣẹ tí ẹni tí kò mọ èdè wa ti ṣe sílẹ̀. Ó yẹ kí a kọ tiwa, kí a fún un lórúkọ, kí a sì gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á, kó sì bá wa jiyàn lórí rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ ohun tí à ń sọ: inú dátábéèsì bíi PostgreSQL, àtẹ ni a ń kó nǹkan sí, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀. Àṣẹ àkópọ̀ ni ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ ìlà, tó sì ń dá èsì kan padà. Àwọn márùn-ún tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni COUNT tó ń kà, SUM tó ń ròpọ̀, AVG tó ń wá ìdá ọgbọọgba, MIN tó ń mú èyí tó kéré jù, àti MAX tó ń mú èyí tó pọ̀ jù. Àwọn wọ̀nyí dára fún owó oṣù àti máàkì ìdánwò. Wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìlú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ènìyàn lè fi tirẹ̀ kún un. Ẹ ronú alájọ tó ń gba owó lọ́jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, káàdì oníbàárà kọ̀ọ̀kan ṣófo. Bí alájọ bá ti dé ìsọ̀ kan, á gba owó ọjọ́ náà, á sì fi àmì sí káàdì. Bí oṣù bá parí, á ka àmì, á yọ owó ọjọ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀, á sì kó èyí tó kù fún oníbàárà. Bí àṣẹ àkópọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. PostgreSQL yóò bi yín ní ìbéèrè mẹ́rin péré: irú káàdì wo ni? Kí ló wà lórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n ṣe bí mo bá dé ìlà kọ̀ọ̀kan? Kí ni kí n ṣe sí káàdì nígbà tí ìlà bá tán? Tiwa rèé:

CREATE AGGREGATE ohun_ilu (text, text) (
    SFUNC = gba_oro,
    STYPE = jsonb,
    INITCOND = '{}',
    FINALFUNC = ka_ilu
);

STYPE ni irú káàdì, INITCOND sì ni pé káàdì náà ṣófo ní ìbẹ̀rẹ̀. SFUNC ni iṣẹ́ orí ìlà kọ̀ọ̀kan: gba_oro yóò gba ọ̀rọ̀ àti ìlú tí ó ti wá, yóò sì kọ ìlú náà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Bí ìlú náà bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. FINALFUNC ni ìparí oṣù: ka_ilu yóò ka iye ìlú tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gba_oro àti ka_ilu, àwa la kọ méjèèjì ṣáájú. Lẹ́yìn èyí, a lè lo ohun_ilu gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń lo SUM:

SELECT itumo, ohun_ilu(oro, ilu) FROM esi GROUP BY itumo;

Èsì tó jáde fún ilé ni pé ìlú 2 ń pè é ní ulé, ìlú 1 sì ń pè é ní ilé. A kò wí pé kí ulé wá jọba lórí ilé o. Ìdí nìyẹn tí ohun_ilu kò fi yan olúborí rárá. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń kó jáde, pẹ̀lú iye ìlú tó ń sọ ọ́. Ti mode kò rí bẹ́ẹ̀: bí ọ̀rọ̀ méjì bá ní iye kan náà, yóò mú ọ̀kan ṣáá, kò sì ní sọ fún yín pé èkejì wà. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nígbà tí a jókòó kọ gba_oro, ìbéèrè méjì mìíràn yọjú tí a kò bá má rí bí kì í bá ṣe pé àwa fúnra wa là ń kọ ọ́.

Èkíní ni ti ẹni tó ní òun kò rántí. Kí ni kí a ṣe sí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀? SUM àti AVG máa ń fo àyè tó ṣófo láìsọ fún ẹnikẹ́ni. COUNT ní ojú méjì: bí ẹ bá ní kó ka ìlà, á ka ẹni tó dákẹ́ mọ́ ọn, bí ẹ bá ní kó ka òpó ọ̀rọ̀, á fò ó. Àwa pinnu pé kí gba_oro fò ó, a fi ọ̀rọ̀ náà STRICT sí i, a sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹlòmíràn lè sọ pé gbígbàgbé ọ̀rọ̀ gan-an ni ìròyìn tó yẹ kí a kó jọ, torí pé ó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ń kú lọ. Bóyá òótọ́ ni. Ó kéré tán, ó ti rí ibi tí yóò ti bá wa jiyàn.

Èkejì ni ti akọtọ́. Ọ̀nà púpọ̀ ni ènìyàn lè gbà tẹ ọ̀ kan ṣoṣo. Ẹnì kan lè tẹ ọ tó ti ní àmì lábẹ́, kó wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ ò tó ti ní àmì lórí, kó wá fi ti abẹ́ sí i. Ẹnì kẹta lè tẹ o lásán, kó fi àmì méjèèjì kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni. Nínú àwa mẹ́fà, àwọn kan fi fóònù tẹ èsì wọn, àwọn kan fi kọ̀ǹpútà, "ọ̀nà" sì di ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Láti PostgreSQL 13, tó jáde ní 2020, àṣẹ normalize ti wà tó ń sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. A fi sínú gba_oro, kó máa tún ọ̀rọ̀ ṣe kó tó gbà á wọlé.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé a ń ṣe àṣejù. Wọ́n á ní COUNT DISTINCT pẹ̀lú GROUP BY tó o láti ka ìlú, kò yẹ kí ènìyàn máa kọ àṣẹ tuntun. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe. Àwa náà kọ́kọ́ ṣe é bẹ́ẹ̀: àwa mẹ́fà, oníkálùkù kọ tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, a sì ní èsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú àtẹ kan náà. Ọ̀kan gbàgbé normalize, òmíràn ka ẹni tó dákẹ́. Bí ìpinnu bá wà káàkiri báyìí, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá wà lójú kan pẹ̀lú orúkọ, àṣìṣe kan ṣoṣo la ó tún ṣe, gbogbo wa ni yóò sì jàǹfààní rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kọ́ nìyí, kí a lọ bẹ àwọn ará kọ̀ǹpútà. A ti bẹ̀ wọ́n. Onínúure ni wọ́n, wọ́n sì ràn wá lọ́wọ́ níbi tí a ti há. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ bi wá ni, "Kí lẹ fẹ́ kó kà, ènìyàn àbí ìlú?" Kò lè dáhùn ìyẹn fún wa. Àwa la kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀ka-èdè. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ POSTGRES ní Yunifásítì California ní Berkeley ní 1986, tí Michael Stonebraker ṣáájú wọn, mọ̀ pé àwọn kò lè mọ ohun tí gbogbo ènìyàn yóò nílò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kí aṣàmúlò lè fi irú dátà àti àṣẹ tirẹ̀ kún un. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí tí a kò wọlé, ẹjọ́ ta ni?

Kì í ṣe pé kò ní ewu. Àṣẹ tí a bá kọ lè ṣi ìṣirò, kó sì máa ṣì í ní gbogbo ibi tí a bá ti lò ó. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí ìlà márùn-ún tí ẹ ti fi ọwọ́ kà fúnra yín. Irinṣẹ́ kò sì rọrùn bákan náà: fún MySQL, èdè C tàbí C++ ni ẹ ó fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n fún SQLite, Python ti tó, ọ̀nà méjì péré ni ẹ ó sì kọ sínú kíláàsì kan, step àti finalize. Ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn wa, bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí ẹ̀ka-èdè, ẹ má kàn kọ "kọ̀ǹpútà fi hàn pé". Ẹ kọ bí ẹ ṣe kà á síbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ fún àwọn ẹ̀rọ, ẹ bá wa bi wọ́n léèrè: nígbà tí wọ́n bá ń kó o pọ̀, ohùn ta ló ń ṣubú sẹ́yìn?

A ti pa gbólóhùn "àṣìpè" yẹn rẹ́ nínú orí kẹrin. Àtẹ tó ní ulé àti ilé pọ̀ ló rọ́pò rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a kò bá kà mọ́ ọn kò sí nínú àgbájọ.