Wọ́n ní ibùgbé tó dáa làwọn ń kó wọn lọ, ni wọ́n bá já wọn sí Tógò

Tí ẹ bá wọ Ọjà-Ọba n'Ílọrin níbí, tí ẹ ní ẹ fẹ́ ra "Ghana-must-go", kò sẹ́ni tó máa bi yín pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ni wọn ò tíì bí nígbà tí àpò náà gba orúkọ. Ìjọba Shagari ló fà á. Ní 17 January 1983, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Ali Baba, kéde pé gbogbo àjèjì tí kò níwèé gbọ́dọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Ghana bíi mílíọ̀nù kan ló di ẹrù. Ẹnubodè Ghana wà ní títì pa lásìkò yẹn, torí náà ọ̀pọ̀ wọn há sójú ọ̀nà, wọ́n ń sùn síta títí di ìgbà tí Ghana ṣílẹ̀kùn nígbà tí oṣù náà ń parí lọ.

Àwọn kan pè é ní ẹ̀san, torí Ghana ló kọ́kọ́ ṣe é sí wa. Ní 18 November 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún àwọn náà. Lára àwọn tiwa tí ọ̀rọ̀ náà bá ni àwọn oníṣòwò láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ìlọrin wa níbí, tí wọ́n ti ń ná ọjà Kùmásí àti Tamale láti ayé òyìnbó. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé "alata samina" ni àwọn ará Ghana ń pe ọṣẹ dúdú títí dòní, Aláta sì ni orúkọ tí wọ́n mọ Yorùbá sí. Agboolé tó ní "Bàbá Kùmásí" kò wọ́n nílùú yìí. Ẹ lọ bi wọ́n bí wọ́n ṣe fi ilé àti gbèsè ọjà sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ìdí tí mo fi ń rántí gbogbo èyí ni pé ní September 2025, ọ̀rọ̀ àwa àti Ghana tún gba ọ̀nà mìíràn yọ, àwa tí à ń pariwo jàpá ṣáá kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i.

Ààrẹ John Mahama sọ fáwọn oníròyìn pé Ghana ti gba èèyàn 14 tí Amẹ́ríkà lé kúrò. Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. Àlàyé Ààrẹ kò gùn: ọmọ ECOWAS kò nílò fíìsà kó tó wọ Ghana, kí ló wá burú níbẹ̀?

Ohun tó burú níbẹ̀ pọ̀. Àwọn kan lára wọn ti rojọ́ níwájú adájọ́ l'Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti gba ààbò: wọn ò gbọ́dọ̀ dá wọn padà sílùú wọn, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n fìyà jẹ wọ́n níbẹ̀ tàbí kí wọ́n dá wọn lóró. Ìjọba Trump kò lè gbé wọn lọ sí Nàìjíríà tàbí Gambia tààrà láì rú àṣẹ yẹn. Ọgbọ́n wo ni wọ́n wá dá? Wọ́n kó wọn fún Ghana, Ghana ló máa wá ṣe ìyókù. Ìwé ẹjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò wọn kọ sọ pé wọ́n kó wọn sínú bàálù ológun láì sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún wọn, pé wọ́n sì fi aṣọ ìdènà, irú èyí tí wọ́n fi ń de wèrè, de àwọn kan fún wákàtí 16. Adájọ́ Tanya Chutkan ní Washington gbọ́ ẹjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà kọ ọ́ lóminú, ṣùgbọ́n ó ní òfin kò fún òun lágbára láti dá a dúró. Wọ́n ti kó wọn kúrò l'Amẹ́ríkà ná, ẹ ṣe rí i.

Nígbà tí wọ́n dé Ghana, ibùdó àwọn ológun ní Bundase, lẹ́yìn òde Accra, ni wọ́n kó wọn sí. Ẹ jẹ́ ká dúró síbi ọ̀rọ̀ ilé yìí díẹ̀. Àwọn èèyàn yìí ò ṣẹ̀ sí òfin Ghana rárá, síbẹ̀ ṣọ́jà ló ń ṣọ́ wọn. Wọ́n ṣàròyé nípa omi, ooru àti ẹ̀fọn. Ìjọba Ghana jáde wá sọ pé gbogbo àwọn 14 ti padà sílùú wọn. Àwọn agbẹjọ́rò ní irọ́ ni, pé èèyàn 11 ṣì wà ní ibùdó náà. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́ gíga n'Accra. Kí wọ́n tó gbọ́ ọ, àwọn olùpẹ̀jọ́ ti pòórá. Ọmọ Nàìjíríà kan lára wọn ṣàlàyé fún BBC lẹ́yìn náà: wọ́n ní àwọn fẹ́ kó wọn lọ síbùgbé tó sàn ju èyí lọ, ni wọ́n bá kó wọn dé ẹnubodè, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì já wọn sí Tógò. Kò níwèé ìrìnnà lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ níbi tó ti ń ka èyí pé, "Ṣé àwọn èèyàn dáadáa ni Amẹ́ríkà ń lé ni?" Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n fi òfin dá ẹ lóhùn. Ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n má dá ènìyàn padà síbi tí wọ́n ti máa dá a lóró kò bá ìwà ẹni náà rìn. Bó bá jalè lánàá, ẹ fi òfin olè mú un. Abala 3 àdéhùn àgbáyé lòdì sí ìdálóró kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, Ghana sì fọwọ́ sí àdéhùn náà.

Wàyí o, àdéhùn ECOWAS tí Ààrẹ Mahama fi ṣe apata. Mo lọ kà á padà. Àdéhùn lórí ìrìnnà fàlàlà, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1979, fún ọmọ ẹgbẹ́ lánfààní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láì gba fíìsà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n abala 3 sọ pé ẹni tó bá *fẹ́* wọlé ni, kó sì mú ìwé ìrìnnà tó múná dóko dání. Ẹni tí wọ́n dè lókùn nínú bàálù ológun kò fẹ́ wọlé, kò sì níwèé. Abala 11 wá ni olórí ọ̀rọ̀: tí orílẹ̀-èdè kan bá fẹ́ lé ọmọ ECOWAS jáde, ó gbọ́dọ̀ fi tó ẹni náà létí, kó fi tó ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ létí, kó fi tó ọ̀gá àgbà ECOWAS létí, òun tó ń lé e ni yóò san owó ọkọ̀, yóò sì dáàbò bo ẹ̀mí àti dúkìá rẹ̀. Èwo nínú ìyẹn ni gbígba ẹ̀yìnkùlé já èèyàn sí Tógò? Ẹ ò lè gé ìwé sí méjì, kí ẹ mú ojú ewé tó wù yín.

Àwọn aṣòfin alátakò n'Accra náà rí ihò mìíràn. Abala 75 ìwé òfin Ghana ti 1992 sọ pé àdéhùn tí Ààrẹ bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe gbọ́dọ̀ dé iwájú ilé aṣòfin kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ìjọba ní ìwé àjọsọ lásán lèyí, kì í ṣe àdéhùn. Gbogbo ìjọba ló mọ eré yìí. Mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn, Samuel Okudzeto Ablakwa, ní àánú ọmọ Áfíríkà ẹlẹgbẹ́ àwọn ló mú àwọn gbà wọ́n, pé àwọn ò gba kọ́bọ̀. Kí oṣù September tó parí, Amẹ́ríkà gbé ìdènà fíìsà tó fi lé Ghana kúrò. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Eswatini tiẹ̀ gba mílíọ̀nù 5.1 dọ́là fún irú iṣẹ́ kan náà, inú ẹ̀wọ̀n tó le jù lọ nílẹ̀ wọn ni wọ́n sì kó àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sí.

Tiwa ńkọ́? Mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wa nígbà náà, Yusuf Tuggar, fọwọ́ sọ̀yà lórí tẹlifíṣọ̀n ní July 2025 pé Nàìjíríà kò ní gba ọmọ Venezuela tí Amẹ́ríkà ń lé, pé wàhálà tiwa ti tó wa. Ó ṣe dáadáa, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé ọmọ Nàìjíríà gan-an ló wà ní ibùdó ológun ní Ghana, ohun tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sọ ni pé wọn ò fi tó àwọn létí. Tí wọn ò bá fi tó yín létí, Ghana ti rú abala 11 nìyẹn. Mélòó nínú wa ló gbọ́ kí Abuja sọ bẹ́ẹ̀ sókè kí gbogbo ayé gbọ́? A ní ilé iṣẹ́ aṣojú n'Accra, a ní òmíràn ní Lomé, a ní àjọ tó ń mójú tó ọmọ Nàìjíríà lókè òkun, a tún ní àjọ tó ń rí sí àwọn olùwá-ibi-ìsádi. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó bá lọ kan ilẹ̀kùn Bundase ti tó.

Èmi kì í sábà fi òyìnbó ṣe àwòkọ́ṣe, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń ṣe ohun ìtìjú lórí àwọn olùwá-ibi-ìsádi tí wọ́n kó sí òtẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ ẹ wò ó: ní May 2025, ọ́fíìsì ayẹ̀wéwò ìjọba wọn gbé e síta pé ilé tí wọ́n ń gbà fún àwọn olùwá-ibi-ìsádi, tí wọ́n ṣírò sí bílíọ̀nù 4.5 pọ́n-ùn fún ọdún mẹ́wàá, yóò di bílíọ̀nù 15.3. Orúkọ àwọn iléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ní October, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn gbé ìròyìn tiwọn jáde, wọ́n sì bu ẹnu àtẹ́ lu bí owó náà ṣe ṣòfò. Inú ń bí wọn síra wọn, ṣùgbọ́n iye kan náà ni gbogbo wọn ń bínú lé lórí. Èmi ò tíì rí ẹni tó fi ìwé àjọsọ Ghana àti Amẹ́ríkà hàn aráàlú.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tán. Láti 1 January 2026 ni Amẹ́ríkà ti dá ọ̀pọ̀ fíìsà ọmọ Nàìjíríà dúró, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ìgbòkègbodò Boko Haram àti àwọn tó ń gbé kọjá ọjọ́ tí fíìsà wọn dá ni wọ́n fi ṣe àwíjàre. Ghana kò sí nínú ìwé yẹn. Ẹni tó bá wà nípò àṣẹ l'Abuja yóò máa rò ó wò bóyá ó yẹ kí àwa náà gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè tú wa sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbà, ibo ni wọ́n máa kó wọn sí? Ta ni yóò máa bọ́ wọn?

Ọ̀nà wà tí a lè gbà bi wọ́n. Láti 2005 ni ẹnikẹ́ni ti lè gbé ìjọba tó bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lọ sílé ẹjọ́ ECOWAS, láì kọ́kọ́ gba ilé ẹjọ́ ìlú rẹ̀ kọjá. Abuja ni ilé ẹjọ́ náà wà, ìlú kan náà pẹ̀lú ọ́fíìsì mínísítà wa. Òfin òmìnira ìròyìn tún wà, ti 2011. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ kí àwọn agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ tó ń ka èyí kọ sí ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè: ọjọ́ wo ni Nàìjíríà kọ́kọ́ gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ wà ní Bundase, lẹ́tà wo ni wọ́n kọ sí Accra, níbo sì ni àwọn tí wọ́n já sí Tógò wà báyìí? Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì.