Kí A Tó Ti Aṣọ Bọ Aró: Èrò Aládìrẹ Kan ní Ìparí Ọdún

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin báyìí, iṣẹ́ kan wà tí mo máa ń ṣe tí kì í ṣe fún títà. Mo máa ń kó àjákù adìrẹ tí ó ṣẹ́ kù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún jọ, n óò gé wọn dọ́gba, n óò sì rán wọn mọ́ ara wọn di aṣọ ìbora fún ọmọ tí ó bá kéré jù nínú ilé. Kò sí àjákù tí kò ní ìtàn. Èyí ni ti ìgbéyàwó oṣù kejì. Tọ̀hún ni èyí tí òjò ká mọ́ orí okùn. Bí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé tí ó ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣírò ọdún. Ní ọdún yìí, àjákù kan wà tí mo gbé lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè rán an. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀.

Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ná ọjà Ìtòkú rí mọ̀ pé oríṣi adìrẹ pọ̀. Oníko ni èyí tí a fi ìko dì; alábẹ́rẹ́ ni èyí tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán; ẹlẹ́kọ ni èyí tí a fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ibi tí a bá ti dáàbò bò kí aṣọ tó wọ inú aró ni yóò wà ní funfun. Ibi tí a kò bá dáàbò bò, aró yóò mu ún. Bí aró bá sì ti mu ún tán, ẹkún kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Èmi tí mo mọ òfin yìí láti kékeré lórí aṣọ, n kò mọ̀ ọ́n lórí ilé mi.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, mo po sódà tí àwa aláró ń lò. Díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú omi rẹ̀, owó tí mo fi rà á sì ń dùn mí. Mo bù ú sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró, mo sì wọlé lọ. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, rí ìgò tí ó mọ̀. Ó gbé e sẹ́nu. Igbe tí ó ké ni ó lé mi jáde.

Aládùúgbò kan sáré gbé epo pupa wá. Òmíràn ní kí a ti ìka bọ ọmọ náà lọ́fun kí ó lè bì. Ìyàwó ọmọ mi kọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ó fi omi tútù ṣan ẹnu ọmọ rẹ̀, ó gbé e pọ̀n, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà wí fún wa níbẹ̀ pé òun ni ó ṣe é re. Sódà tí ó ti jó ọ̀fun nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí a bá mú ọmọ bì, yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń padà bọ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, díẹ̀ ni ó gbé mì. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè jẹ ohun líle. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí ọ̀nà ọ̀fun wọn a sún kì lẹ́yìn irú èyí, tí oúnjẹ kì í lè kọjá mọ́. Àjákù tí mo sọ fún yín, ara aṣọ tí ó wọ̀ ní ọjọ́ náà ni. Sódà ti jẹ ihò sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó kù. Bí mo ti jókòó ní ilé ìwòsàn, tí mo di orí mú, nọ́ọ̀sì kan ní òun fẹ́ wọn ìfúnpá mi. 170 lórí 100 ni ó bá. Ó ní kí n padà wá ní ọjọ́ mìíràn tí ọkàn mi bá balẹ̀; kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó wí fún mi pé bí ó bá ti tó 140 lórí 90 léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọdún mélòó ni orí ti ń fọ́ mi, tí mo ń sọ pé òórùn aró ni! Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kígbe kí ó tó ṣọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé ó wà lára wọn títí tí yóò fi dá wọn dùbúlẹ̀. Nísinsìnyí, mo ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, mo sì ti dín iyọ̀ kù.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí n fi aró sílẹ̀. N kò gbà. Iṣẹ́ yìí ni ó rán ọmọ mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́, òun náà ni ó sì ń fi ayọ̀ sí mi lọ́kàn bí mo bá tú okùn tí mo rí funfun nínú búlúù. Kí sódà tó dé, ewé ẹlú àti omi eérú ni àwọn ìyá wa ń lò. Ní ọdún 1936, ọ̀rọ̀ sódà àti aró òyìnbó di àríyànjiyàn ńlá láàárín àwọn aláró Abẹ́òkúta àti ààfin. Ìdáradára aṣọ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Èmi rò pé ó tó àkókò kí àwa náà béèrè nípa ara ẹni tí ń pa aṣọ láró, àti ti ọmọ tí ń ṣeré ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a bá ń ṣírò iye owó aṣọ, a máa ń ka aṣọ funfun, aró, sódà àti igi ìdáná. Ta ni ń ka ìyá?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dì í kí a tó ti aṣọ bọ aró:

Èkíní, ẹ má ṣe bu sódà sínú ìgò tàbí ife tí a fi ń mu nǹkan láé. Ẹ fi í sínú agolo tirẹ̀, kí ẹ sì tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Èkejì, bí ẹ bá ń po ó, omi ni kí ó kọ́kọ́ wà nínú ike, kí ẹ wá máa da sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá da omi lé sódà, ó lè hó kí ó sì ta sí ojú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ bo ojú, kí ẹ sì ṣe é ní gbangba.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá ta sí ara tàbí ojú, ẹ da omi mímọ́ púpọ̀ sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, ẹ má ṣe mú un bì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa. Ẹ ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.

Ẹ̀kẹrin, kí ìyá àti bàbá lọ wọn ìfúnpá wọn kí ọdún tuntun tó jìnnà, bí ara wọn tilẹ̀ le.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe aláró, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Kẹrosíìnì ńkọ́, tí ó wà nínú ìgò lábẹ́ tábìlì? Oògùn eku ńkọ́? Oògùn tí Màmá àgbà fi sí orí ibùsùn ńkọ́? Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ obìnrin nìyẹn. Ẹni tí ó bá lè kan pákó mọ́ ògiri lè gbé ohun búburú kúrò nílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Mo ti rán àjákù oníhò náà mọ́ àárín aṣọ ìbora. Ìyàwó ọmọ mi ní kí n jù ú nù. Mo ní kí ó wà níbẹ̀. Bí ọmọ náà bá dàgbà tí ó bá béèrè, èmi fúnra mi ni n óò sọ fún un ohun tí ìyá bàbá rẹ̀ ṣe, àti ohun tí ó kọ́.

Ọdún á yabo fún gbogbo wa. A kò ní fi ọmọ ṣe àríkọ́gbọ́n.