Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Obìnrin Amọ̀kòkò sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀

Alága wa ọ̀wọ́n,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ KÒTÒ AMỌ̀ ETÍ ODÒ

Àwa obìnrin amọ̀kòkò abúlé yìí kúnlẹ̀ kí yín. A ò wá tọrọ owó. Ohun tí a fi ń wówó ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa.

Etí odò ni àwọn ìyá ìyá wa ti ń wa amọ̀. Ọkọ́ àti agbọ̀n la fi ń wà á, ìwọ̀nba tí orí lè rù. Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni àwọn onítípà ti ń kó o lọ, wọ́n ní àwọn ti ra ilẹ̀ náà. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìṣaasùn kan ṣoṣo àfi kó kọ́kọ́ ra amọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Lásìkò òjò, a kò níbi tí a lè sá ìkòkò sí. Ìkòkò tí kò bá sì gbẹ dénú, bí iná bá ti kàn án, fífọ́ ni. Èyí tó bá jinná, tí a wọ́n omi èèpo irú sí lára kó má baà máa jò, ọjọ́ náà gan-an la ń tà á, torí kò síbi tí a ó kó o pamọ́ sí. Àwọn alárọ́bọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dúró títí ilẹ̀ yóò fi máa ṣú, iye tó bá wù wọ́n ni wọn yóò san. Bí a bá gbé ìyókù dé ọjà, a ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, a ó tún ra òmíràn nídìí àtẹ.

Alága wa, amọ̀kòkò ló wà lẹ́yìn owó ₦20 tí gbogbo wa ń ná. Ladi Kwali ni, ọmọ Gbagyi; abúlé lòun náà ti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ kí òkìkí rẹ̀ tó kàn dé òkè òkun. Ìjọba tó gbé e sára owó kò ní fẹ́ kí iṣẹ́ yìí kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín:

1. Kí ẹ pe àwa, baálẹ̀ àti àwọn tó ra ilẹ̀ jókòó, kí a yọ ibi tí amọ̀ wà sọ́tọ̀.
2. Kí ẹ bá wa fi páànù bo àtíbàbà kan. Igi àti òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa.
3. Kí tíkẹ́ẹ̀tì ọjà di ẹyọ kan lóòjọ́.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí tiwa ti gbóná tó, Alága wa. Ata ló kù.

Àwa ìyá àti ọmọ yín,
Obìnrin Amọ̀kòkò Abúlé