Ìdìde Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Ẹ̀tàn

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní ìlú òyìnbó, àti ẹ̀yin tó ń bọ̀ wá kí wa nígbà òdòdó,

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín wa, ó sì tó àsìkò ká fà á tu. Wọ́n ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì lè gbé e dúró kò ní nǹkan tó máa fi sìkútà oníbátìrì ṣe, ìyẹn èyí tí ẹni tí ìrìn ń nira fún máa ń jókòó lé lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá gùn ún wọ ọgbà òdòdó, tó wá dìde láti gbóòórùn òdòdó, ọ̀lẹ ni, tàbí ẹlẹ́tàn. Mo ní irọ́ ni. Sìkútà ni mo fi ń rìn, mo sì máa ń dìde lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ náà. Allan Thieme, ará ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lọ́dún 1968, nítorí ẹbí rẹ̀ kan tí àrùn multiple sclerosis kọ lù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí. Irin kékeré kan wà lábẹ́ ìjókòó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí o bá fà á, ìjókòó á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì á kan ilẹ̀, wàá sì dìde wọ́ọ́rọ́. Wọ́n tún ń ta ohun tí a fi ń há ọ̀pá ìtìlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ta ni wọ́n ṣe ìjókòó tó ń yí fún, bí kò ṣe ẹni tó máa dìde? Ta ló ni ọ̀pá, bí kò ṣe ẹni tó máa fi rìn? Ìdìde tí ẹ ń pè ní àṣírí tó tú, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti rò ó mọ́ ọn tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá wo bí ilẹ̀ ṣe gùn tó. Ọgbà Keukenhof ní ìlú Lisse, lórílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ti ń gba àlejò láti ọdún 1950. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 32. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 iṣu òdòdó ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ kí òtútù tó dé, kí wọ́n lè tanná láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Bí a bá so ọ̀nà ẹsẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ó tó kìlómítà 15. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ gbà á láyè ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ lójúmọ́, ṣé ẹnu géètì ló yẹ kó ná an tán sí? Ẹni tó kó owó lọ sọ́jà kì í kó gbogbo rẹ̀ fún ọlọ́kọ̀. Sìkútà ló ń gbé wa dé ìdí ọjà; ìṣísẹ̀ tó ṣẹ́ kù la fi ń dúró ti òdòdó ọ́kíìdì nínú gbọ̀ngàn Beatrix inú ọgbà náà, òun náà la fi ń tẹ̀lé ọ̀pá gun àtẹ̀gùn ọlọ afẹ́fẹ́, ká lè rí oko túlíìpù àwọn àgbẹ̀ lọ salalu.

Àìsàn tó ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn kì í sábà gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Làkúrègbé orúnkún, ọkàn tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tì dáadáa mọ́, ẹ̀dọ̀fóró tí èémí rẹ̀ kúrú: gbogbo wọn ló lè jẹ́ kéèyàn dúró, kó rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó dá a dúró lójú ọ̀nà. Àwa Yorùbá ló yẹ kí èyí yé jù, nítorí fòníkú-fọ̀ladìde wà nínú ẹbí wa. Nínú àìsàn yìí, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti wọ́ lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ orí egungun itan, títí egungun náà á fi kú sínú ìbàdí. Ó sì lè ṣe ọ̀dọ́ pàápàá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dìde ya fọ́tò, kó má sì lè rìn dé ibi tí ọkọ̀ wà. Òfin Equality Act ti ọdún 2010 ní Bìrìtìkó pàápàá kò béèrè bóyá ẹsẹ̀ ti kú pátápátá. Ohun tó ń béèrè ni bóyá àìlera náà ń dí iṣẹ́ òòjọ́ èèyàn lọ́wọ́ gidi, àti bóyá ó máa pẹ́ tó oṣù 12.

Àwọn kan á ní, “Bí ẹsẹ̀ bá ń jókòó, á gbàgbé ìrìn.” Lóòótọ́ ni eré ìmárale dára, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wà fún un. Ta ló sì sọ fún yín pé ẹni tí ẹ fi ìtìjú gba sìkútà lọ́wọ́ rẹ̀ á fẹsẹ̀ rin kìlómítà 15? Ilé ló máa jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ làwọn màmá wa ṣe ń wí pé, “Ẹ máa lọ, ẹ bá mi ya fọ́tò bọ̀.” Ìgbàgbọ́ tó ní òun ń gba ẹsẹ̀ wọn là ló dè wọ́n mọ́ àga. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìrora kò ní kójú má wo ohun tó dára.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń gùn ún, kó yí bọ́tìnì tó ń díwọ̀n eré sí ìhà tí wọ́n ya ìjàpá sí nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹni tó bá pàdé wa, kó yà fún wa lọ́nà, kó má bi wá pé, “Ṣebí o lè rìn?” Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá àwọn òbí yín yá sìkútà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí màmá bá sì dìde níbi òdòdó, ẹ di ọwọ́ wọn mú, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó tẹ́rùn.